Ààyè Tí A Fi Sílẹ̀ fún Bàbá

Ìyàwó ni a ń pe ẹ̀rọ náà. Ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ nínú ṣẹ́ẹ̀dì wa ní Igbó-Ọrà, lẹ́bàá ọ̀nà Ìdèrè, ni ọ̀kan nínú àwọn obìnrin wa ti wò ó láti òkè délẹ̀, tó ní, "Ó wọ aṣọ, ó jókòó, kò dáná, kò pọnmi. Ìyàwó tuntun ni o." Orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Ẹ̀rọ tó ń mú ẹ̀gẹ́ gbẹ ni. Ẹ̀gẹ́ tí a ti rin, tí a sì ti fún omi rẹ̀ dànù, yóò gba ẹnu kan wọlé, yóò gba ẹnu kejì jáde ní ìyẹ̀fun funfun tó gbẹ, ì báà jẹ́ pé òjò ń rọ̀ lóde. Bí wọ́n ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún wa nìyẹn.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ wa. Mo ka ìwé mẹ́wàá, mo sì fẹ́ kí nǹkan wà bó ṣe yẹ kó wà. Ìdí tí wọ́n fi yàn mí nìyẹn, kì í ṣe pé mo mọ ọ̀rọ̀ sọ. Obìnrin tó ń ṣe gàrí àti láfún ni gbogbo wa, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì. Epo dísù ni ẹ̀rọ tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́ ń mu, ó sì ń mu èrè wa mọ́ ọn. Láfún ní tirẹ̀, orí àpáta àti etí títì la ti ń sá a. Bí òjò bá ká a mọ́ ibẹ̀ ní ọjọ́ méjì, yóò hu, yóò dúdú, kò sì sí ẹni tí yóò rà á mọ́. Nígbà tí àwọn oníbúrẹ́dì kan ní Ìbàdàn sọ pé àwọn á máa gba ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ wa, bí a bá ti lè ṣèlérí pé kò ní dáwọ́ dúró nígbà òjò, la fi owó àjọ tí a ti ń dá fún ọdún púpọ̀ ra Ìyàwó.

Iná ló kù. Iná tó ń tan gílóòbù nínú ilé wa kò lè gbé e. Tiransifọ́mà tirẹ̀ ló nílò, àti wáyà tirẹ̀ láti orí òpó ńlá. Bí iná náà bá dé, iṣẹ́ yóò wà fún wa ní òjò àti ní ẹ̀ẹ̀rùn. Bí kò bá dé, a jẹ́ pé a ti kó gbogbo ohun tí a ní sórí irin.

Èmi àti alága wa la jọ lọ sí ọ́fíìsì iná ní Èrúwà. Ìyá Alága ni gbogbo wa ń pè é. Obìnrin tó ga ni, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, bó bá sì sọ̀rọ̀ lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì, ẹni tó wà lójú títì yóò dáhùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló gbà wá, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́, ó dìde fún wa, ó fún wa ní àga.

"Wáyà tó gba ọ̀dọ̀ yín kọjá, Mà," ló wí, "ó ní ìwọ̀n ohun tó lè gbé. Ilé gbígbé kò ni í lára. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ lo iná púpọ̀, irú ẹ̀rọ yín yìí, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ààyè lórí wáyà. Òfin wà lórí bí a ṣe ń pín ààyè náà."

Ó ka òfin ọ̀hún fún wa díẹ̀díẹ̀, ó sì ń dúró kí n lè lóye. Ẹni tó bá kọ́kọ́ béèrè ló wà níwájú. Yóò fi hàn pé òun ní ilẹ̀, òun ní ilé, òun ní ẹ̀rọ. Bí kò bá lè fi í hàn láàárín àkókò tí wọ́n dá fún un, ìlà yóò fò ó. Kò gbọ́dọ̀ ta ààyè náà, kò gbọ́dọ̀ yá ẹnikẹ́ni, nítorí kì í ṣe dúkìá ẹnì kan, ti wáyà ni, títí di ọjọ́ tí wọ́n bá so mítà.

Ìyá Alága mi orí. "Ó dára bẹ́ẹ̀. Kí olówó má baà wá rà á mọ́ wa lọ́wọ́."

"Ìdí tí wọ́n fi ṣe òfin náà gan-an nìyẹn, Mà."

Ilẹ̀ wà, ṣẹ́ẹ̀dì wà, Ìyàwó sì ti jókòó. Ọkùnrin náà wá wò ó, ó yà á ní fọ́tò. Nígbà tí a padà lọ, ó ní àwa la wà níwájú, àti pé ààyè tó kù lórí wáyà náà kò lè gbà ju ẹni kan tó tó wa lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ó kún, àfi tí wọ́n bá mú ibi tí iná ti ń wá tóbi sí i. Mo rántí pé Ìyá Alága ra ẹ̀pà sísun nígbà tí a ń bọ̀, ó ń bọ́ ọ fún mi nínú ọkọ̀ bí ẹni ń bọ́ ọmọ.

Ọ̀rọ̀ Bàbá ló kàn báyìí. Bàbá Oníyìnyín la mọ̀ ọ́n sí, nítorí òun ló ń ṣe yìnyín tí àwọn ẹlẹ́ja àti àwọn olómi tútù ń rà, tí àwọn ènìyàn sì ń tò fún nígbà ààwẹ̀. Ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kò jìnnà sí ṣẹ́ẹ̀dì wa. Òun ló ni ilẹ̀ tí a kọ́ ṣẹ́ẹ̀dì sí. Nígbà tí a lọ bẹ̀ ẹ́ fún un, ọ̀pá rẹ̀ ló fi fa ìlà yí ibẹ̀ ká, ó ní, "Ẹ lọ jẹun níbẹ̀." Kò gba kọ́bọ̀, kò gba obì.

Ó wá bá wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lẹ́yìn tó kírun Alásàrí. A jókòó yí ẹ̀gẹ́ ká, à ń bẹ ẹ́. Bí a ṣe rí i la kúnlẹ̀ sórí èèpo.

"Bàbá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o! Nínú ooru yìí, ẹ ò gbé yìnyín bọ̀ wá fún wa?"

"Yìnyín dà? Jẹnẹrétọ̀ mi ti sọ mí di olómi."

"Bàbá Olómi! Ẹ máa gbé e bọ̀, a ó bá yín kiri."

Ó bá wa rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò pẹ́ nínú ẹ̀rín náà. Ó jókòó sórí àpótí tí a gbé fún un, ó gbé ọ̀pá sí àárín ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀ yín," ló wí. "Mo dé ọ́fíìsì iná. Èmi náà ti béèrè. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ wà níwájú, wọ́n ní ààyè ẹnì kan ló kù. Ẹ̀yin lè dúró, ọmọdé ni yín. Èmi, kí ni mo tún fẹ́ dúró dè?"

Ìyá Alága dìde, ó nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Bàbá, ilẹ̀ tí mo kúnlẹ̀ sí yìí, ta ló ni ín? Ṣé àwa ló yẹ ká máa tò níwájú yín?"

"Ìyàwó wá ńkọ́?" ẹnì kan béèrè láti ẹ̀yìn.

"Ìyàwó ilé wo ni kì í ya fún bàbá ọkọ lọ́nà?" ni ẹlòmíràn dá a lóhùn. Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó tako ó. Èmi náà kò tako ó.

Bí a ṣe máa ń ṣe é nídìí ẹ̀rọ wa nìyẹn. Bí o bá ti to abọ́ ẹ̀gẹ́ rẹ síwájú, tí àgbàlagbà gbé tirẹ̀ dé, o ó fa tìrẹ sẹ́yìn, tirẹ̀ yóò bọ́ sí ojú ibi tí tìrẹ wà, ìwọ yóò sì tẹ̀ lé e. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ kò ní sọ nǹkan kan, nítorí wọ́n rí ẹni tí o fi ààyè rẹ fún. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, n kò rí i kí abọ́ ẹlòmíràn yọ lójijì kó wá jókòó sáàárín ìwọ àti ẹni tí o yẹ̀ fún.

Mo kọ ìwé náà. Mo kọ ọ́ pé a yọ ara wa kúrò níwájú kí Bàbá lè bọ́ síbẹ̀. Ọkùnrin tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́ kò sí níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ tí mo gbé e lọ. Obìnrin kan ló wà lórí tábìlì.

"Ẹ fẹ́ yọwọ́, Mà?"

"A fẹ́ yọwọ́ fún Bàbá ni."

"Ṣé gbogbo ẹgbẹ́ yín gbà?"

"Gbogbo wa la gbà."

"Ẹ buwọ́ lù ú níbí."

Mo buwọ́ lù ú, ó lu òǹtẹ̀, mo dúpẹ́. Lọ́jọ́ kejì, Bàbá fi mínírà ránṣẹ́ sí wa nínú agbada ńlá tí yìnyín kún inú rẹ̀, ó sì gbàdúrà fún wa pé a kò ní pẹ́ kàn. Àmín wa fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé òrùlé ṣẹ́ẹ̀dì lọ.

Òpó dé nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ọkọ̀ gíga kan ló kó wọn wá, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń gbẹ́ ihò lọ lẹ́bàá títì. Nígbà tí wọ́n dé ojú ọ̀nà wa, a gbé omi fún wọn mu, a fún wọn ní gàrí, obìnrin méjì jó. A mọ̀ pé kì í ṣe tiwa, àmọ́ ti Bàbá ni, ẹni tó sì kàn lẹ́yìn Bàbá ni wá, bí wọ́n bá ti mú ibi tí iná ti ń wá tóbi sí i. Bàbá jáde sí iwájú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú fìlà funfun. Ó ti ní kí wọ́n gé ẹ̀ka igi máńgòrò tó lè di wáyà lọ́wọ́.

Àwọn òṣìṣẹ́ gbẹ́ ihò kan níwájú rẹ̀, wọ́n ri òpó, wọ́n sì tẹ̀ síwájú.

"Ẹ̀yin ọmọ," ni Bàbá ké sí wọn, "ibí ni o! Ẹ ti kọjá!"

Olórí wọn padà wá kí i. "Bàbá, ẹ kú ìdúró Sà. Iwájú là ń lọ."

"Iwájú níbo?"

"Ilé-iṣẹ́ oúnjẹ adìyẹ, Sà. Ibi tí wọ́n mọ ọgbà yí ká yẹn."

Gbogbo wa mọ ibẹ̀. A ti ń rí bíríkì àti ọkọ̀ tó ń kó irin wọ ibẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún wa pé wọ́n wà lórí ìlà, a kò sì béèrè. Bàbá náà kò mọ̀. Wọ́n sọ fún un pé a wà níwájú rẹ̀, òótọ́ sì ni. Kò bi wọ́n bóyá ẹlòmíràn wà láàárín, nítorí kò rò ó.

Àwa mẹ́ta la lọ sí Èrúwà: Bàbá, Ìyá Alága, àti èmi. Ọkùnrin tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá kó tó jókòó. Ó wá ìwé wa jáde, ó kà á, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Ta ló gba ìwé yìí lọ́wọ́ yín?" Kò dúró kí n dáhùn. "Mà, ẹ ò bá ti bi mí."

"Kí la ṣe?" ni Ìyá Alága béèrè. "Àwa la fi ààyè wa fún Bàbá."

"Ẹ ò lè fi fún Bàbá, Mà. Bí ẹ ṣe yọwọ́, ààyè yẹn padà sórí wáyà. Ẹni tó tẹ̀ lé yín ló kàn, àwọn olóúnjẹ adìyẹ; wọ́n ti béèrè ṣáájú Bàbá. Ilé àti ẹ̀rọ àwọn yẹn sì ti wà nílẹ̀."

"Èmi ni wọ́n fún," ni Bàbá wí, bí ẹni ń ṣàlàyé fún ọmọ. "Wọ́n wà níwájú mi, wọ́n sì ní kí n kọjá."

"Mo gbọ́, Sà. Àmọ́ kì í ṣe tiwọn láti fún ẹnikẹ́ni."

"Kí ni tiwọn nínú rẹ̀ nígbà náà?"

Ọkùnrin náà kò fẹ́ parọ́ fún un. "Ìdúró, Sà. Ibi tí wọ́n dúró sí nìkan ni tiwọn. Bí wọ́n sì ti kúrò níbẹ̀, kò ku nǹkan kan."

Ìyá Alága béèrè bóyá a lè padà. Ó ní a lè padà, àmọ́ ìdí ìlà ni a ó ti bẹ̀rẹ̀, ìlà náà kò sì níbi tó ń lọ mọ́, nítorí wáyà ti kún. Mo béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa mú ibi tí iná ti ń wá tóbi sí i. Ó ní òun kò rí ọjọ́ kankan nínú ìwé òun. Ó ní bí a bá fẹ́ kí ó yá, òfin gbà pé kí ẹni tí ẹrù rẹ̀ máa pọ̀ jù fún wáyà san owó tí wọ́n á fi mú wáyà náà nípọn, láti Èrúwà wá. Kò dárúkọ iye rẹ̀. Ojú tó fi wò wá ti dárúkọ rẹ̀.

A kọ ìwé ẹ̀sùn síbi tí ó ní ká kọ ọ́ sí. Wọ́n dá wa lóhùn, èsì náà kò sì pẹ́. Wọ́n ní àwọn ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, àti pé gbogbo ohun tí wọ́n ṣe ló bá òfin mu. Mo kà á fún ẹgbẹ́ lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì. Ẹnì kan ní, "Kà á lẹ́ẹ̀kan sí i." Mo tún un kà. Ohun kan náà ló sọ.

Ì bá rọrùn fún mi bí ẹnì kan bá ti gba rìbá. Mo wá a títí nínú ọkàn mi, n kò rí i. Àwọn ọlọ́gbà, àwọn olóúnjẹ adìyẹ yẹn, kò jí nǹkan kan, wọ́n tò ni. Òfin tó ní ká má lè ta ààyè, kí olówó má baà rà á mọ́ wa lọ́wọ́, òun náà ni kò jẹ́ ká lè yẹ̀ fún àgbà. Kò ní ojú tó fi lè mọ èyí yàtọ̀ sí tọ̀hún. N kò sì lè sọ pé ohun tí a ṣe kò dára. Bí Bàbá bá tún wọlé lọ́la, tó ní ká jẹ́ kí òun kọjá, n kò mọ ẹni tí yóò wo ojú rẹ̀ nínú wa tí yóò sọ pé rárá.

Bàbá kò gba iwájú wa kọjá mọ́. Bó bá ń lọ kírun, ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà, ọ̀nà tó jìn tó sì kún fún òkúta. A ń rí orí fìlà rẹ̀ lókè ewéko, a sì ń ṣe bí ẹni pé a kò rí i.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó wọlé. Kò kí wa. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀, ó di ìṣẹ́tí agbádá rẹ̀ mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Ó kọ́kọ́ jọ pé nǹkan ló fẹ́ mú nílẹ̀. Ìgbà tí orúnkún rẹ̀ kan fara kan èèpo ẹ̀gẹ́ la tó mọ ohun tó fẹ́ ṣe.

"Yéè! Bàbá, ẹ má ṣépè fún wa!"

"Ẹ dì í mú! Ẹ dì í mú!"

Gbogbo wa sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá Alága ló gbé e lábẹ́ apá, ọwọ́ rẹ̀ tó kún fún omi ẹ̀gẹ́ ta sára agbádá funfun náà.

"Mo gba oúnjẹ lẹ́nu yín," ni Bàbá ń wí. "Mo gbà á lẹ́nu ọmọ."

"Ẹ ò gbà á, Bàbá. Bí ẹ bá gbà á ni, ẹ̀yin náà ì bá ti jẹ níbẹ̀."

Wọ́n mú un jókòó. Kò sí mínírà láti fún un, a bu omi fún un mu. Nígbà tó tó àkókò kan, ó ní kí òun àti àwa jọ padà lọ tò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìdí ìlà. A lọ. Níwájú tábìlì ní Èrúwà, Ìyá Alága ní kí Bàbá kọ́kọ́ fi tirẹ̀ sílẹ̀. Bàbá ní ó di èèwọ̀, àwa ni yóò kọ́kọ́ fi tiwa sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá." "N kò ní ṣe é." Àwọn tó wà lẹ́yìn wa bẹ̀rẹ̀ sí í pòṣé. Obìnrin orí tábìlì na ọwọ́ méjèèjì, ó gba ìwé méjèèjì pa pọ̀, ó sọ wọ́n sínú àpótí. N kò mọ èwo ló wà lókè.

Àwọn oníbúrẹ́dì dúró dè wá títí òjò fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún wa lórí fóònù pé àwọn ti rí ibòmíràn. Bàbá ta jẹnẹrétọ̀ rẹ̀, ó ti ilé-iṣẹ́ rẹ̀. Nínú àwa náà, àwọn kan ti fi ṣẹ́ẹ̀dì sílẹ̀. Àwọn kan ń gé ẹ̀gẹ́ wẹ́wẹ́, wọ́n ń sá a lórí àpáta, wọ́n ń gbé e lọ sí ẹnu géètì ọlọ́gbà fún oúnjẹ adìyẹ. Mo ti bá wọn lọ. Wọ́n ń wọ̀n ọ́n dáadáa, wọn kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Bí o bá dúró síbẹ̀, o ó máa gbọ́ ẹ̀rọ wọn tó ń lọ láìdúró.

Nígbà tó yá, a fẹnu kò pé ká ta Ìyàwó. Ọkùnrin kan wá wò ó láti ọ̀nà Ìṣẹ́yìn. A ká tapólínì kúrò lórí rẹ̀, Ìyá Alága fi aṣọ nù ún láti òkè délẹ̀. Ọkùnrin náà yí i ká, ó tẹ ibí, ó wo ibẹ̀, ó sì dùn mọ́ ọn nínú. Mo rí i lójú rẹ̀.

"Ó dára," ló wí. "Ẹ tàn án kí n gbọ́ ọ."

"Tuntun ni," ni Ìyá Alága dáhùn. "A kò lò ó rí."

"Mo rí i pé tuntun ni, Màmá. Àmọ́ n kò lè ra ẹ̀rọ tí n kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé inú rẹ̀ ti bàjẹ́ níbi tó jókòó sí. Ẹ tàn án fún ìṣẹ́jú kan péré."

"Kò sí iná tó lè gbé e."

"Ẹ yá jẹnẹrétọ̀ ńlá."

"Ẹni tó ní in ti tà á."

Ó tún fọwọ́ kan án. "Kò burú," ló wí. "Bí iná bá dé, ẹ pè mí, n ó wá rà á."

"Bí iná bá dé," ni Ìyá Alága wí, "kí la ó tún pè ọ́ fún?"

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní òótọ́ ni Màmá sọ, ó sì wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Ìyá Alága mú etí tapólínì kan, mo mú ìkejì, a fi bo Ìyàwó padà, a sì fi òkúta lé etí rẹ̀ kí atẹ́gùn má baà gbé e.